Ìwádìí Tí Dókítà Tájù Kò Ṣe

Bí àlejò ọkùnrin bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ, tó mu omi tán, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú àìsàn tó pa ìyá bàbá rẹ, ohun kan ṣoṣo ni ará Ajah mọ̀ ọ́n sí: ọmọ ilé náà ló fẹ́ fẹ́. Ìwádìí ló ń ṣe. Ta ni kò mọ̀ pé kí ẹbí ọkọ tó gbé ẹrù ìdáná wá, wọn yóò ti kọ́kọ́ tọpinpin bóyá wèrè wà nínú ìdílé náà, bóyá wárápá ni, bóyá ẹ̀tẹ̀ ni? Ọmọdé mọ̀ ọ́n, àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan tí kò rántí rẹ̀ rárá ni Dókítà Tàjùdéèn Odùkọ̀yà, àgùnbánirọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú tí ìjọba gbé wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí ọ̀sà, ní àsìkò tí katapílà ń la ọ̀nà tuntun bọ̀ láti apá Lẹ́kìí.

Bèèrè ni Tájù ń bèèrè. Ilé tó bá wọ̀, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà, á gba ìtọ̀ wọn sínú ìgò, á wá fa àpótí sún mọ́ wọn. "Ta ló ti wú lójú tàbí lẹ́sẹ̀ nínú ẹbí yín? Ṣé ó gbó kó tó kú?" Bí wọ́n bá dá a lóhùn, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó rí owó he. Kò pẹ́ tí òkìkí fi kàn pé dókítà yìí ń wá ìyàwó ní gbogbo ojúlé. Àwọn ìyá tó ní wúńdíá nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹja ṣàlejò rẹ̀, òun náà ń jẹ ẹ́, ó ń yìn wọ́n pé ará Ajah mọ èèyàn í ṣe.

Mùínàt gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ Yẹ̀kínì apẹja ni, ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Fàúsátù, ló tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kọ́ ló kàn án ní tiẹ̀. Gàníyù, awakọ̀ tó ń kó yanrìn fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà, ti ń bá a bọ̀ láti ọdún tó kọjá, ẹbí rẹ̀ sì ti ń múra ìdáná. Ohun tó ń jẹ Mùínàt lọ́kàn ni ìtọ̀. Kí ni dókítà ń fi ìtọ̀ àwọn èèyàn ṣe? Láti kékeré, kò sí ìkòkò tí wọ́n dé tí ọmọ yìí kì í ṣí wò, àbàrá tó sì ti jẹ nídìí ẹ̀ kò kéré.

Lọ́jọ́ tó gbé kọ́tìnnì tó rán lọ sí ilé ìwòsàn, ó bá Tájù níbi tó ti fi irin di ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú sórí iná.

"Ẹ káàsán o, Dókítà. Kí lẹ̀ ń sè?"

"Ìtọ̀ ni."

Mùínàt gbé kọ́tìnnì sílẹ̀. "Ṣé ẹ máa mu ún ni?"

Tájù bú sẹ́rìn-ín. "Wá wò ó. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ti hó, ó mọ́ kedere. Wo eléyìí ní tiẹ̀." Bí iná ṣe ràn án, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti òkè, ó ń dì bíi funfun ẹyin tó ń jinná.

"Kí ló dé tí tibí fi dì, tí tọ̀hún ò dì?"

Tájù yíjú sí i. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń di imú mú ni tí wọ́n bá ń kọjá. Kò sí ẹni tó bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé. "Ṣé o máa ń sẹ́ ògì?"

"Ta ni kì í sẹ́ ògì?"

"Asẹ́ ni kíndìnrín wa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́. Bí asẹ́ bá ti ya, èérí á bá omi ògì lọ, àbí? Ohun tó yẹ kó dúró lókè nínú ẹ̀jẹ̀ ló jò sílẹ̀ yìí. Iná ló jẹ́ ká rí i."

"Ìtọ̀ ta ni?"

"Ìyẹn ni n kò gbọdọ̀ sọ."

Kò nílò kó sọ. Mùínàt ti rí ìgò tí wọ́n ti dà á. Ìgò oògùn ikọ́ ni, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n fi dí i, òun gan-an ló sì gé ṣùkù náà fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó dúpẹ́, ó jáde, kò sì rántí gba owó kọ́tìnnì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Tájù wá sílé wọn. Ó tẹ ẹsẹ̀ Yẹ̀kínì wò, ojú ìka rẹ̀ sì jin síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tútù. Ó ní kí bàbá dín iyọ̀ kù, ó kọ oògùn fún un, ó wá fa àpótí. Nígbà tí Àǹtí Fàúsátù rí i tó fa àpótí, ó tún gèlè wé, ó jókòó dáadáa. Dókítà! Kí ni Gàníyù oníyanrìn jámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà?

"Bàbá, ìyá tó bí yín, irú àìsàn wo ló ṣe wọ́n?"

"Kò sí àìsàn kankan ní ilé wa," Àǹtí Fàúsátù gbà á lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ìyá wa gbó, ó tọ́, ó sùn ni kò jí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin náà, inú odò ló kú sí. Ara wa le bí irin, Dókítà. Ẹ bèèrè níta."

Bó ṣe yẹ kí èèyàn dáhùn ìwádìí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mùínàt ti ń ro ọ̀rọ̀ asẹ́ láti ìgbà yẹn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá asẹ́ kan lè ya nínú ìyá kó tún ya nínú ọmọ, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ ò sọ fún mi pé ojú ìyá bàbá máa ń wú láàárọ̀ ni? Pé ẹ̀gbọ́n yín náà wú títí kò fi lè wọ bàtà kó tó kú?"

Àǹtí Fàúsátù já a léèékánná nítan. Ó ti pẹ́ jù. Oníbàárà méjì tó wá gba aṣọ wà lójú fèrèsé, ọ̀rọ̀ tó sì ti dé ojú fèrèsé ní Ajah ti dé ọjà. Wọ́n ní dókítà wádìí ilé Yẹ̀kínì, ó bá a pé wíwú ni wọ́n ń jogún. Ẹbí Gàníyù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn rán ìyàwó ilé wọn kan wá sọ pé ọmọ àwọn kò tíì ṣetán, kí Mùínàt máà ṣe dúró dè é.

Inú bí Yẹ̀kínì débi pé ó gbé àjẹ̀ tọ Tájù lọ sí ilé ìwòsàn. "Mo fi ẹsẹ̀ mi hàn ọ́, o gbé ilé mi sóde. Tí n bá tún rí ọ lẹ́nu ọ̀nà mi, àjẹ̀ yìí ni màá fi kí ọ káàbọ̀." Mùínàt tó sáré tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ ló dúró là á yé Tájù lẹ́yìn tí bàbá ti lọ.

"Ṣé wọn kì í wádìí ìyàwó ní Ìjẹ̀bú ni?"

"Wọ́n ń wádìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mò ń ṣe ní tèmi!"

"Ta ló mọ̀? Ẹ bèèrè ohun tí ọkọ ìyàwó ń bèèrè, ẹ jẹ ẹja tí ọkọ ìyàwó ń jẹ. Ọkọ mi ti lọ báyìí."

Tájù jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀. "Mùínàt, jọ̀ọ́, má bínú. N kò rò ó débẹ̀. Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Mùínàt ronú. Ó yà á lẹ́nu pé òun ní láti ronú. "Ó máa ń ra búrẹ́dì fún mi," ló sọ. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín sì gbé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà lójú Mùínàt.

Ẹ má bi mí bí ìfẹ́ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí àwọn tó ṣe é pàápàá kò mọ ìgbà tó wọlé. Oògùn bàbá rẹ̀ ni Mùínàt ń lọ gbà. Bàbá kò fẹ́ rí dókítà, ṣùgbọ́n wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọlẹ̀, kò sì kọ oògùn. Bí Mùínàt bá ti gbà á tán, á ku ìbéèrè kan. Kí ló dé tí ojú fi ń wú láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ń wú nírọ̀lẹ́? Ṣé èèyàn lè fi asẹ́ kan ṣoṣo gbé ilé ayé? Tájù á dáhùn, òun náà á bi í ní tiẹ̀: báwo lo ṣe ń mọ ibi tí wàá gé aṣọ gbà láìfi nǹkan wọ̀n ọ́n? Lọ́jọ́ tí kò bá rí i, Tájù á rìn kọjá níwájú máṣíìnì rẹ̀, á bojú wò bóyá àjẹ̀ wà nítòsí, á kọjá lọ. Mùínàt mọ̀ pé òun ti kó sí i.

Nígbà tí ọdún ìsìnrú-ìlú rẹ̀ ń parí lọ, Tájù bá a ní èbúté lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ sí Èkó.

"Ọ̀gá kan ní kí n wá kọ́ iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ òun," ó ní. "Bí mo bá kọ́ ọ tán, mo lè ṣí ọsibítù tèmi. Ọ̀rẹ́ mi Dúró ń gbẹ̀bí ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, ó ti ra ọkọ̀ Píjò. Ìyá mi ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ọ̀nà kejì ni kíndìnrín. Ọdún gbọọrọ ni màá fi kọ́ gbogbo àìsàn inú ara ná, kí n tó wá dojú kọ ọ́. Wọ́n sì lè ní dandan kí n dé ìlú òyìnbó. N kò lè dá ọsibítù tiẹ̀ ṣí láé. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, agbára ìjọba ló ká a, kò sì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tí màá tọ́jú, wọn á ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, Mùínàt."

"Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀?"

Tájù kọjú sí omi. "Àwọn ọ̀gá wa ń tọ́jú ẹni tó ti wú. Èmi fẹ́ mọ ẹni tí kò tíì wú. Mo fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kí n tètè dí i." Ó yíjú sí i. "Èyíkéyìí tí mo bá mú, ìwọ ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Mùínàt. Mi ò lè sọ ọ́ dáadáa jù báyìí lọ."

Ayọ̀ gbé Mùínàt dé òkè, ìbẹ̀rù sì já a bọ́ lójú kan náà. Ẹni tí kò tíì wú: òun gan-an kọ́ nìyẹn? Ọmọ Yẹ̀kínì, ọmọ ọmọ ẹni tó wú? Ó wo ojú Tájù, ojú kan náà tó máa ń dán tí omi bá ń dì lórí iná.

"Èmi lẹ fẹ́ ni, àbí kíndìnrín mi?"

"Kí lo sọ yìí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ gba ìtọ̀ mi, ẹ gbé e kaná. Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ wá tún ọ̀rọ̀ yín sọ."

"Rárá." Kò tíì kọ ìbéèrè kankan rí. Ó ní, "Bó bá mọ́, wàá ní torí pé ó mọ́ ni mo ṣe fẹ́ ọ. Bó bá dì, wàá ní torí iṣẹ́ ni. Èmi náà lè má mọ̀ mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé kì í jẹ́ kí n sùn. Bó o bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò fún ara rẹ, dókítà wà ní Èkó, lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n kó o tó di ìyàwó mi, n kò ní bèèrè."

Ọkọ̀ dé. Mùínàt kó aṣọ rẹ̀ wọlé, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rí i tí Tájù dúró sí èbúté títí tó fi kéré. Ó dé Èkó, ó kọjá níwájú ọsibítù ńlá, kò sì yà síbẹ̀. Tí ẹni tó ń bèèrè nǹkan gbogbo bá lè mú sùúrù, òun náà á mú un.

Ní ọdún kejì, nígbà tí Tájù ti yan kíndìnrín, tó sì ń kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò wá sí Ajah fúnra rẹ̀. Sàdíátù ni orúkọ tirẹ̀, Ìyá Sàdíátù ni wọ́n ń pè é, kò sì rán alárinà. Ó bá Mùínàt nídìí máṣíìnì, Àǹtí Fàúsátù sì gbé àga fún un kíákíá.

"N kò bá ìjà wá," ni Ìyá Sàdíátù wí. "Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Mo fi aṣọ títà rán an níwèé títí ó fi di dókítà. Wọ́n fún un níṣẹ́ tó lówó lórí, ó lọ mú kíndìnrín. Ta ló ń fi kíndìnrín ra ilé? Mo gba ìyẹn mọ́ra. Ó tún wá ní ilé tí wọ́n ti ń wú lòun á ti fẹ́ ìyàwó. Ọmọ mi, o dára lójú, ara rẹ balẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún mi. Wàhálà tó fà bá mi ti tó."

Ẹjọ́ ti pọ̀ lẹ́nu Àǹtí Fàúsátù, ṣùgbọ́n Mùínàt kúnlẹ̀. Kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni. Nǹkan kan ló ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti mọ Tájù, kò sì sí ẹlòmíì tó lè dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Irú àìsàn wo ló ṣe bàbá Tájù?"

Àǹtí Fàúsátù di ẹnu mú. Máṣíìnì ìránṣọ wà láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó ń wà á.

"Ayé ló ṣe é," ni Ìyá Sàdíátù wí. "Wọ́n fún un ní nǹkan jẹ níbi iṣẹ́."

"Ṣé ojú wọn máa ń wú láàárọ̀ ni?"

Ìyá àgbà náà tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú. "Tájù ló máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bá a nù ún kó tó lọ sílé ìwé. Á ní, 'Bàbá, kí ló ń wú yín?' Àwa á ní kó dákẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, pé wọn ò ní rí ìyàwó fẹ́ fáwọn ọmọkùnrin wọn mọ́." Ẹkún gbà á lẹ́nu. "Nígbà tí Tájù fi máa fẹ́ ìyàwó, èmi wá wọ mọ́tò wá wádìí ilé ẹlòmíì."

Mùínàt sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún. Ìdí nìyẹn, àbí? Ọmọ tí wọ́n ní kó dákẹ́ ló ń fa àpótí kiri Ajah. Ní wákàtí yẹn ló mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà tán, ohun tó ń wá nínú ìgò àti ohun tó ń bà á lẹ́rù papọ̀. Ìyá Sàdíátù jẹ ẹja jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà kó tó padà, ó sì mú ìwọ̀n Mùínàt lọ fún aṣọ tí yóò gbé bọ̀.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yẹ̀kínì kún. Bàbá ti wọ bàtà fúnra rẹ̀, bàtà gidi, ó sì ń na ẹsẹ̀ síwájú kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò tíì dárí ji dókítà tán pátápátá. Ó fi àjẹ̀ ti ògiri sẹ́yìn àga rẹ̀. Ó bi Tájù gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó fi ohùn gíga bi í:

"Ìwọ tó o fẹ́ ọmọ mi, ṣé o ti wádìí wa? Ṣé ohun tó o bá níbẹ̀ tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Tájù dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, mo wádìí gbogbo Ajah. Mo wádìí yín, mo wádìí ìyá yín, mo wádìí ẹ̀gbọ́n yín. Ṣùgbọ́n n kò wádìí Mùínàt."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Àwọn ìyá tó ti fún un ní ẹja jẹ lásán ló rẹ́rìn-ín jù. Yẹ̀kínì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin tó nà gbalaja sílẹ̀ náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àjẹ̀, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. "Fàúsátù, gbé eléyìí padà sínú ọkọ̀," ó ní. Àáfà wá so yìgì fún wọn.

Yàrá kan tí wọ́n háyà n'Ìbàdàn ni wọ́n gbé ìyàwó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń yọ, Tájù jí, ó bá Mùínàt lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tan sítóòfù. Ìgò oògùn ikọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùkù àgbàdo ló fi dí i.

Tájù dìde jókòó. Kò bèèrè nǹkan kan.

Mùínàt gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́, ó fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Mo ti di ìyàwó yín," ó ní. "Ó yá, Dókítà. Ẹ gbé e kaná."

Wọ́n jọ tẹ̀ síwájú, orí kan orí, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń gbóná. Ṣé ó mọ́ kedere ni, àbí ó dì? Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí yìí, ọmọ yín wo lẹ fẹ́ fi fún wọn, tí ẹ fi ń wádìí? Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ: nígbà tó hó tán, Tájù pa iná, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.